Moufidatou Ò Ní Gbé Gìtá Kalẹ̀

Ọmọ Latifou, àgbẹ̀ oníṣu tó ń dáko lọ́nà Kaboua, ni Moufidatou. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Boni, àdúgbò kan nílùú Sábẹ̀ẹ́ lórílẹ̀-èdè Benin, ló ti ń kọ́ àwọn ọmọdé, kò sì sí òbí kan níbẹ̀ tó lè sọ pé ó pẹ́ dé kíláàsì rí. Ohun tí púpọ̀ nínú àwọn òbí náà kò mọ̀ ni pé bó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, olùkọ́ ọmọ wọn a gbé gìtá oníná kọ́ ẹ̀yìn, a gun ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zẹ́mijàn lọ sí ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń kó kajú pamọ́ sí nígbà kan rí lọ́nà Adido. Ọláyẹmí tó ń lu ìlù á ti dé ibẹ̀, Marcel tó ń ta gìtá béèsì olóhùn kíkẹ̀ á ti tan ẹ̀rọ amúnáwá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì máa kọ rọ́ọ̀kì títí oòrùn á fi rọlẹ̀.

Rọ́ọ̀kì tiwọn kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbọ́ níbi ìgbéyàwó. Gìtá rẹ̀ a máa ké bí ìgbà tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́ irin, ìlù rẹ̀ a sì máa dún láyà kó tó dún létí. Kò sí ìlú ńlá tí kò ní àwọn tó ń kọ ọ́, àmọ́ kọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń kọ ọ́: inú gáráàjì, ẹ̀yìnkùlé, ilé tí onílé ti kó kúrò. Kò sẹ́ni tó ń polówó wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ wọn, àfi kó máa bèèrè ọ̀nà lẹ́nu èèyàn. Ìdí nìyí tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ fi ń pè é ní rọ́ọ̀kì abẹ́lẹ̀.

Bíbèèrè bẹ́ẹ̀ ló gbé Fréjus dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọmọ Pobè ni, ìjọba ló gbé e wá sí Sábẹ̀ẹ́ láti máa kọ́ àwọn ọmọ kọlẹ́ẹ̀jì ní ìṣirò. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi, á gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan sínú àpò, á máa lọ láti ìlú dé ìlú, á máa wá àwọn olórin abẹ́lẹ̀ kiri. Tó bá dé, á gbé ohun tó gbà sílẹ̀ sórí redíò ìlú lọ́jọ́ Sátidé, á sì máa ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó ń gbọ́. Ó ti gbọ́ ti Àjàṣẹ́, ó ti gbọ́ ti Cotonou. Èyí tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ni kò tíì gbọ́.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá ògiri, ó ń gbọ́ wọn títí wọ́n fi parí. Moufidatou wá bi í bó ṣe rí i.

"Ọwọ́ yín dáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n Faransé lẹ fi ń kọrin. Ṣé Faransé lẹ fi ń bínú nílé?"

Ọ̀rọ̀ náà ká Moufidatou lára. Ó dá a lóhùn pé ẹni tí kò mọ gìtá í ta kò yẹ kó máa kọ́ ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe ń ta á. Fréjus gbà pé lóòótọ́ lòun ò mọ̀ ọ́n ta, ó kí wọn, ó lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lọ. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni Moufidatou ń gbọ́ ọ. Bó bá ń tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà láti kàwé, á gbọ́ ọ. Bó bá ń gún iyán, á gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó fi èdè Sábẹ̀ẹ́ kọ orin kan nípa ọ̀dá tó pa iṣu baba rẹ̀ lọ́dún kan, àti bí baba náà ṣe ń jáde lọ wo oko lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń lọ wo aláìsàn.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó kọ ọ́ lójú Fréjus. Nígbà tí orin náà parí, Marcel bi Fréjus bóyá ó gbà á sílẹ̀ dáadáa. Fréjus wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. Kò rántí tẹ̀ ẹ́ rárá.

Ó padà wá gbà á sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, láti ìgbà náà ló sì ti di pé ọ̀sẹ̀ kì í pé kó má wá.

Nígbà tí àwọn olórin Àjàṣẹ́ gbọ́ orin náà lórí redíò, wọ́n ní kí àwọn ará Sábẹ̀ẹ́ wá kọ ọ́ níwájú wọn. Latifou kọ̀. Ó ní orin rẹ̀ kò bí òun nínú, pé bí àgbà kan bá ní ọmọ náà ń pariwo, kó rántí pé olè kọ́ ló ń jà, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin òun kò ní bá ọkùnrin mẹ́ta rìnrìn àjò. Ìgbà náà ni Safiatou, àbúrò Latifou tó ń ta aṣọ lọ́jà, tí gbogbo ilé ń pè ní Tantí, sọ pé òun á bá wọn lọ. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wá ohun tí yóò gbé òun kúrò nídìí aṣọ.

Báyìí ni Tantí Safiatou ṣe di ẹni tó mọ rọ́ọ̀kì. Ní Àjàṣẹ́, inú àgbàlá ilé àtijọ́ kan ni wọ́n ti kọrin. Àwọn àgbàlagbà ilé gbé àga jáde, wọ́n jókòó síwájú, bí orin kan bá sì parí, wọ́n á bá àwọn olórin jiyàn lórí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Tantí fẹ́ràn ibẹ̀. Ní Cotonou, yàrá kan lẹ́yìn ilé ọtí ni. Atẹ́gùn òkun ti mú kí okùn gìtá wọn dípẹtà, àwọn ọ̀dọ́ wọ aṣọ dúdú nínú ooru, wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń kọlu ara wọn, síbẹ̀ bí ẹnì kan bá ṣubú, gbogbo wọn á dúró gbé e. Tantí ní òun ò fẹ́ràn ibẹ̀ tó ti Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n pé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé lọmọ tó ń gbé ẹni tó ṣubú.

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti Cotonou, mọ́tò dúró ní Bohicon kí èrò ra ọsàn. Tantí ti di ojú, ó gbé orí lé fèrèsé. Fréjus jókòó ti Moufidatou, ó ń bó ọsàn kan tí kò jẹ.

"Mo ti ń wá orin kiri láti ìlú dé ìlú," ó ní, "mo sì rò pé orin ni mò ń wá."

Moufidatou ní kó sọ ọ̀rọ̀ kó yé èèyàn.

"Mo fẹ́ kí o di aya mi."

Kí Moufidatou tó fèsì, Tantí sọ̀rọ̀ láì la ojú. "Ó tó àsìkò," ó ní. "Àní mo ti ń dúró dè é láti Àjàṣẹ́."

Moufidatou kò fèsì lọ́jọ́ náà. Ó mọ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni bóyá èèyàn lè jẹ́ aya kó sì tún máa jẹ́ ẹni tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó ti rí i tó pọ̀: ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń sáré tẹ́lẹ̀ kò sáré mọ́, òmíràn tó máa ń rẹ́rìn-ín ti dákẹ́. Nígbà tó fèsì, ó kọ́kọ́ bi Fréjus ní ìbéèrè kan.

"Ìwọ fúnra rẹ, ṣé wàá fẹ́ kí n máa kọrin lọ?"

"Bí o kò bá kọrin mọ́," ó dáhùn, "ta ni mo fẹ́?"

Ọ̀rọ̀ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó gbà.

Tantí di alárinà. Ó bá Latifou sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀sìn, nítorí ìjọ Kátólíìkì ni Fréjus ń lọ, àwọn sì ń kírun. Latifou ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, abọ́ kan náà làwọn ṣì ń fọwọ́ bọ̀. Bí ọmọkùnrin náà kò bá ní fipá mú ọmọ òun, òun náà kò ní fipá mú un. Ó kù ti ìyá Fréjus. Élisabeth ni orúkọ rẹ̀, ó ń fún epo pupa ní Pobè, òun nìkan ló tọ́ Fréjus lẹ́yìn tí baba rẹ̀ ti kú. Fréjus lọ bá a. Nígbà tó dé, ó ní ìyá òun ti gbà.

Moufidatou wò ó. Ó ṣàkíyèsí pé ó yára sọ ọ́.

"Ṣé ó mọ̀ pé mò ń ta gìtá?"

"Ó mọ̀," ni Fréjus wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ tí àwọn ẹbí méjèèjì yóò wá mọ ara wọn.

Ọjọ́ náà pé, àwọn ará Pobè dé. Wọ́n tẹ́ ẹní sí àgbàlá Latifou, àwọn ẹbí jókòó lọ́tùn-ún lósì. Ìyá Fréjus ga, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ṣùgbọ́n bó bá ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó kí gbogbo ilé, ó dúpẹ́, ó wá yíjú sí Moufidatou tó kúnlẹ̀ sórí ẹní.

"Ohun kan ló ń jẹ mí lọ́kàn tẹ́lẹ̀, mi ò ní fi pamọ́," ó ní. "Wọ́n sọ fún mi pé ìyàwó wa ń ta gìtá nílé ọtí láàárín ọkùnrin. Mo ní irú rẹ̀ kò ní wọlé mi. Ṣùgbọ́n ọmọ mi sọ pé ìyàwó wa ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún òun pé ọjọ́ tí òun bá di aya, òun gbé gìtá kalẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tó gbọ́ràn báyìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí tó bí i."

Àwọn èèyàn ń ṣe àmín. Moufidatou gbé ojú sókè wá Fréjus. Fréjus ń wo ilẹ̀.

Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ pé "ẹ ṣé, màmá," ọ̀rọ̀ ti parí. Wọn á gbàdúrà, wọn á jẹun, òun á sì di aya ẹni tí òun fẹ́. Bóyá tó bá yá, òun á máa ta á díẹ̀díẹ̀, nígbà tí kò bá sẹ́ni nílé. Ọkàn rẹ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn, nígbà tí kò bá sẹ́ni nílé.

"Ẹ má bínú, màmá," ó ní. "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wí?"

"Mi ò sọ pé màá gbé gìtá kalẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó bi mí. Mo fẹ́ràn ọmọ yín, òun ni mo sì fẹ́ fẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi irọ́ wọlé yín lónìí, irọ́ náà ni màá máa bọ́ títí ayé mi."

Ìyá Fréjus yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní kó sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Fréjus wo ìyá rẹ̀, ó wo Moufidatou.

"Màmá, bóyá ó ti gbàgbé," ó ní. "Ó sọ ọ́."

Ìyá náà dìde. Ó ní ọmọ tó lè yí ọ̀rọ̀ padà lójú àgbà kò lè bá òun gbé. Àwọn ará Pobè kó ẹrù wọn, wọ́n lọ, oúnjẹ tí wọ́n sè kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Latifou kò bá ọmọ rẹ̀ wí. Ó kàn sọ pé orúkọ ọmọkùnrin yẹn kò gbọdọ̀ bọ́ sẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ilé òun mọ́. Tantí ló wá bá Moufidatou nínú yàrá, ó ń rọ̀ ọ́ pé kó jẹ́ kí òun lọ bẹ ìyá náà, kó sì gbà lẹ́nu pé òun á fi gìtá sílẹ̀. Bó bá délé ọkọ tán, wọ́n á mọ èyí tí wọ́n máa ṣe. Moufidatou ní òun mọ̀ pé ìfẹ́ ni Tantí fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n òun kò ní ṣe é. Lẹ́yìn tí Tantí jáde ló tó sunkún.

Fréjus wá sí Boni nígbà tí àwọn ọmọ jáde ṣeré. Ó ti rù. Ó ní àforíjì lòun wá tọrọ, pé ẹ̀rù ìyá òun ló ba òun, pé òun rò pé tí ìgbéyàwó bá ti wáyé tán, ìyá náà á gba ohun tó bá rí.

"Èmi kọ́ lo máa bẹ̀," Moufidatou dá a lóhùn. "Èmi mọ òótọ́. Ìyá rẹ ni kò mọ̀ ọ́n. Lọ sọ fún un."

"O ò mọ ìyá mi."

"Mo ti rí i. Ìwọ ni mi ò mọ̀ mọ́."

Fréjus na ọwọ́ bíi pé ó fẹ́ fọwọ́ kàn án, lẹ́yìn náà ó yí padà. Nígbà tó lọ tán, Moufidatou lu agogo kí àwọn ọmọ wọlé, ó kọ́ wọn ní ìsọdipúpọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó tan redíò. Ètò Fréjus kò wáyé; ìpolówó ọṣẹ ni wọ́n ń ṣe lákòókò náà. Ó tún tàn án lọ́sẹ̀ kejì. Ó ń bínú sí i, síbẹ̀ etí rẹ̀ ń wá ohùn rẹ̀.

Nígbà tí ìsinmi ńlá dé, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Parakou, Tantí sì tẹ̀lé wọn. Gáráàjì mẹkaníìkì kan ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń kọrin. Àwọn ọkọ̀ tó ti kú ni èèyàn fi ń ṣe ìjókòó, gìtá wọn sì ń dún bíi gòjé àwọn ará òkè. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Sylvie ló ń darí wọn, orí rẹ̀ ti ń hu ewú. Moufidatou sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó sì bi í bóyá òun le jù.

Sylvie ní òun náà ti fẹ́ ọkọ rí, òun sì ti gbé gìtá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọdún gbọọrọ kí ilé lè tòrò. "Ọkọ mi kò burú," ó ní. "Èmi ni mò ń burú sí i lójoojúmọ́. Nígbà tí mo fi máa tún gìtá gbé, a ti di ọ̀tá ara wa. Mi ò sọ fún ọ pé kó má dùn ọ́. Á dùn ọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó dùn ọ́ nísinsìnyí."

Láti Parakou wọ́n lọ sí Lomé. Orí òrùlé pẹlẹbẹ ni ti ibẹ̀, àwọn èèyàn ibẹ̀ kì í pàtẹ́wọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi kilẹ̀ títí òrùlé á fi máa mì. Moufidatou kọ orin ọ̀dá baba rẹ̀. Àwọn tí kò gbọ́ èdè náà gba ègbè rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bó ṣe ń kọ ọ́, ojú rẹ̀ ń wá orí kan tó tẹ̀ síwájú lórí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ láàárín èrò. Kò rí i. Ó kọ orin náà parí.

Àwọn ọmọ ti padà sílé ẹ̀kọ́, òjò sì ń dáwọ́ dúró, nígbà tí Moufidatou jáde ní kíláàsì lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó bá ìyá Fréjus lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò. Òun nìkan ló wá. Moufidatou kúnlẹ̀ kí i. Ìyá náà ní kó dìde, kó jókòó ti òun.

"Fréjus wá bá mi níbi tí mo ti ń fún epo," ó bẹ̀rẹ̀. "Ó ní òun purọ́. Mo ní, èwo? Ó ní, méjèèjì."

Moufidatou sún mọ́ ọn.

"Mo bú u títí ó fi rẹ̀ mí. Nígbà tó lọ tán ni mo wá bi ara mi pé kí ló dé tí ọmọ tí mo bí, tó ti hu irùngbọ̀n, kò lè sọ òótọ́ fún mi." Ìyá náà tún gèlè ṣe. "Mi ò fẹ́ràn ohun tó ò ń ṣe yẹn. Mo gbọ́ ọ lórí fóònù rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo bá fẹ́ kọṣẹ́."

Moufidatou fẹ́ mú ẹ̀rín mọ́ra, kò lè mú un.

"Bó o bá bímọ, tí wọ́n sì pè ọ́ sí Cotonou, ta ni yóò gbé ọmọ?"

"Baba rẹ̀, màmá. Bí kò bá sí nílé, ẹ̀yin ni."

"Bí mo bá kọ̀ ńkọ́?"

"Màá gbé e dání. Mi ò ní fi ọmọ sílẹ̀, mi ò sì ní fi gìtá sílẹ̀."

Ìyá náà wo ọ̀nà. "Gbogbo èèyàn ilé mi ló ń sọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́ fún mi," ó ní. "Ó ti sú mi. Ìwọ mọ ohun tó máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ yẹn, o sì sọ òótọ́. Irú rẹ ni mo fẹ́ nílé mi. Ṣùgbọ́n mi ò bá Fréjus bẹ̀bẹ̀. Bóyá o ṣì fẹ́ ẹ, ìwọ lo mọ̀."

Moufidatou ní òun ṣì fẹ́ ẹ. Ó ní ohun kan ló kù: àwọn tó gbọ́ irọ́ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ òótọ́ rẹ̀, níbi kan náà, lẹ́nu kan náà.

Ìyá Fréjus gbé iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. Tantí sì gbé e dé ọ̀dọ̀ Latifou, ó ń fi ọgbọ́n sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí baba náà fi ní kí ọmọkùnrin náà wá. Wọ́n tún pe gbogbo àwọn ẹbí. Fréjus dọ̀bálẹ̀ láàárín àgbàlá, ó ní Moufidatou kò ṣèlérí kankan, pé òun ló purọ́ fún ìyá òun, òun ló sì purọ́ mọ́ ọmọ wọn lójú wọn. Òógùn bò ó, ṣùgbọ́n kò gé ọ̀rọ̀ náà kúrú, kò sì wá àwáwí sí i. Latifou jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀.

"Dìde," ó ní níkẹyìn. "Ẹni tó lè sọ èyí lójú àna rẹ̀, a lè bá a rìn. Ṣùgbọ́n má tún gbẹnu ọmọ mi sọ̀rọ̀ mọ́; òun ló ni ẹnu rẹ̀."

Lẹ́yìn tí àwọn èèyàn túká, Fréjus àti Moufidatou dúró lẹ́nu ọ̀nà. Fréjus bi í bóyá ó ti dárí ji òun. Moufidatou ní kò tíì tán nínú òun, ṣùgbọ́n pé òun fẹ́ kó tán nígbà tí wọ́n bá wà pa pọ̀, kò dára kó tán nígbà tí oníkálùkù wà lọ́tọ̀. Ó na ọwọ́, Fréjus sì dì í mú.

Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú Sábẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà àwọn ẹbí méjèèjì gbàdúrà fún wọn, olúkúlùkù bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyá Fréjus kò fẹ́ràn rọ́ọ̀kì títí di òní. Bí àwọn obìnrin elépo ní Pobè bá sì sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ láìdáa, ó máa ń bi wọ́n bóyá ìyàwó tiwọn ń sọ òótọ́ fún wọn.

Nígbà ìsinmi tó tẹ̀lé e, tọkọtaya náà lọ sí Kétu, nítorí Fréjus gbọ́ pé àwọn kan ń kọ rọ́ọ̀kì ní ṣọ́ọ̀bù jórinjórin kan níbẹ̀. Àwọn èèyàn ti kún ibẹ̀ bámúbámú. Onílé wá kí wọn, ó sì yíjú sí Fréjus.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìyàwó yín á kọrin fún wa lónìí?"

Fréjus la ẹnu. Ó tún pa á dé.

"Ẹ bi í," ó ní.

Ọkùnrin náà yíjú sí Moufidatou, ó bi í. Moufidatou wo ọkọ rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mú ojú kúrò lára rẹ̀, ó sì dáhùn pé òun á kọrin.